Kọ́kọ́rọ́ Ọjọ́bọ̀

Ọjọ́bọ̀ ni tèmi.
Màá yà sọ́dọ̀ Idwal alápatà,
kọ́kọ́rọ́ wà lórí ìṣó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọ̀bẹ,
ó máa ń rùn díẹ̀, bí ọ̀rá àgùntàn.
Mo ti bá a wí títí. Ẹ̀rín ló ń rín.

Ilé ìkàwé kékeré, olókùúta dúdú,
nísàlẹ̀ òkè tí wọ́n ti wa èédú tán ní Wélsì.
Owó àwọn awakùsà ló kọ́ ọ:
tọ́rọ́ kan lọ́sẹ̀, ẹnìkọ̀ọ̀kan,
àwọn tí ò mọ̀wé náà san tiwọn.
Bàbá bàbá mi wà nínú wọn;
ìlà méjì tó dábùú ara wọn
ló fi buwọ́ lùwé.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ìgbìmọ̀ ìlú kọ lẹ́tà:
owó ti tán.
Kí á máa wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ti ìlú ńlá,
wákàtí kan ó lé, bí òjò kò bá rọ̀.
Òjò wo ni kì í rọ̀ níbí?

A pàdé ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. A jà.
Gwenllian ní ká sùn sẹ́nu ọ̀nà.
Emlyn ní òun ò kàwé parí rí láyé òun,
ṣùgbọ́n ibẹ̀ nìkan ni ẹsẹ̀ òun ti ń móoru,
ó sì ka àádọ́ta pọ́n-ùn sórí tábìlì.
Mo rò pé a sunkún lálẹ́ ọjọ́ náà.
Ó sì lè jẹ́ ọtí.

Òrùlé ṣì ń jò sórí ìwé ìtàn ogun.
A gbé korobá síbẹ̀: tó, tó, tó.
A ti kó gbogbo ogun lọ sídìí fèrèsé.

Lónìí, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ,
ni Rahaf, tí wọ́n dé láti Síríà lẹ́ẹ̀rùn,
bá gun àpótí ọtí tí Emlyn gbé wá,
ó fa ìwé ẹja àbùùbùtán yọ.
“Ṣé ó wà nínú odò yín?”
Mo ní rárá, odò wa kò jìn tó bẹ́ẹ̀.
Ó wo ojú fèrèsé, ó wo òjò.
“Yóò jìn,” ló wí.

Wọ́n bù ú, wọ́n bù ú, ilé yìí, kò tán.

Mo ṣí ìwé ńlá sílẹ̀ fún un.
Ó kọ orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀,
láti ọ̀tún wá sósì, ahọ́n lẹ́nu.
Mi ò lè kà á.
Bàbá bàbá mi náà ì bá má lè kà á.
Mo ti ilẹ̀kùn,
mo gbé kọ́kọ́rọ́ padà sáàárín ẹran.