Ọ̀dà Omi

Ogójì ọdún ni mo fi kun ilé ní Rauma,
pupa tó pọ́n bí irin tó dípẹtà,
funfun fún etí fèrèsé,
ìyeyè fún ilẹ̀kùn àwọn tó ti kú báyìí.
Mo kun ilé títí, àpò ò kún,
eékún ló yẹ̀.

Oṣù Kẹfà, tí oòrùn kì í fẹ́ relé lọ sùn,
Sirkka olùkọ́ ránṣẹ́ sí mi:
“Bàbá Tauno, ẹ wá bá wa mú búrọ́ọ̀ṣì.
Àwọn ọmọ yìí ti kun ajá aládùúgbò.”
Mo ní n ò mọ iṣẹ́ ọnà, ilé ni mo mọ̀.
Ó ní, “Ẹ ṣáà máa bọ̀.”

Ẹ wá wo àgbàlá jẹ́lé-ó-sinmi!
Eelis ti ẹsẹ̀ bọ àwo ọ̀dà búlúù,
ó rìn lórí bébà gígùn bí ẹyẹ etíkun,
ó rìn kọjá bébà,
ó rìn wọ yàrá tí wọ́n ń sùn sí lọ́sàn-án.
Ilta mú yìnyín aláwọ̀ tí wọ́n dì sínú kọ́ọ̀pù lánàá,
ó ń fi í fa ilà, ilà ń ṣàn,
yìnyín ń kéré, ọwọ́ ń kú tipiri,
ó ń sunkún, kò sì jù ú sílẹ̀.
Ẹnì kan tọ́ gọ́ọ̀mù wò,
ó ní kò dùn,
ó tún un tọ́ wò.

Pihla, ọmọ ọdún mẹ́rin, ló yàn mí.
Kò kí mi. Ó gba búrọ́ọ̀ṣì ńlá lọ́wọ́ mi,
èyí tí mo fi kun ṣọ́ọ̀ṣì,
ó ní, “Ọ̀dà dà?”
Ọ̀dà ti tán. Garawa omi kan ló kù.
“Èyí náà ni ọ̀dà,” ló wí,
ó sì ti búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́.

Níbi tí omi bá kàn, pákó á dúdú, á máa dán:
ẹṣin kan,
ìyá rẹ̀, ìka mẹ́sàn-án lọ́wọ́ ẹyọ kan,
ilé tí fèrèsé rẹ̀ pọ̀ ju ògiri lọ.
Oòrùn ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, ó ń lá a mọ́lẹ̀.
Ẹṣin pàdánù ẹsẹ̀.
Ìka ìyá ń re àjò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí máa fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.
Ó yíjú padà, ẹ̀rín ló ń rín:
“Ẹ wò ó, ògiri ti mu ún!
Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ẹ bù sí i.”

Èmi tí mo ti bú ọ̀dà tó bó,
tí mo bú òjò, tí mo bú iyọ̀ òkun,
tí mo gun àkàsọ̀ padà sára ilé kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin,
tí mò ń kùn bí mo ti ń kun ún,
n ò rò ó rí pé òùngbẹ ni.

Mo bù sí i. Mo kúnlẹ̀ lórí eékún tó yẹ̀.
A kun ẹṣin náà lẹ́ẹ̀kejì, ó hùwo.
Lẹ́ẹ̀kẹta, ó di obìnrin tó borí.
“Ta nìyẹn?” ni mo bi í.
“Èèyàn yín tó wà nílé.”
Mo wò ó títí apá rẹ̀ fi gbẹ,
títí ojú rẹ̀ fi gbẹ.
Ojú tèmi ni kò tètè gbẹ.

Ní aago mẹ́rin, ìyá Pihla dé,
ó wo ògiri lókè, ó wò ó nísàlẹ̀.
“Kí lo yà lónìí?”
“Gbogbo ẹ̀.”

Jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n ń pè é.
Ilé tèmi ti sinmi jù látìgbà tí Helvi ti lọ.
Lálẹ́ ọjọ́ náà, tí oòrùn ṣì jókòó
bí àlejò tí kò gbọ́ “ó dàárọ̀”,
mo bu omi sí garawa,
mo kọjú sí ògiri ẹ̀yìnkùlé.
Aládùúgbò yọrí lókè ọgbà:
“Tauno, ọ̀dà wo lẹ fi ń kun ún?”
Mo ní, “Ó ti mu ún tán.
Gbé garawa tìẹ wá.”