Ìlú tí Ilẹ̀ Kì í Ṣú

Ní Hammerfest, lóṣù kẹfà, oòrùn kì í wọ̀,
oorun ò sì mọ ìgbà tó yẹ kó dé.
Aago kan òru. Torgeir fi kúbùsù dí fèrèsé,
ìmọ́lẹ̀ ṣì rí ihò kan gbà wọlé;
ojú Eldrid, ọmọ oṣù mẹ́ta, ń dán bí ìpẹ́ ẹja.

Ìyá wà níbi iṣẹ́ títí di òwúrọ̀,
bí òwúrọ̀ bá wà níbí.
Bàbá gbé ọmọ, ó ń ka pákó ilẹ̀:
mọ́kàndínlógún lálọ, mọ́kàndínlógún lábọ̀.
Ó jókòó sórí àga tìmùtìmù, ọmọ láyà.
Oorun dé lóòótọ́,
ẹni tí wọ́n rán an sí kọ́ ló bá.
Apá bàbá dẹ̀.

Ó ta gìrì.
Àga yìí jìn; ó lè bo imú ọmọ kí àgbà tó lajú.
Ó dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ọ̀mùtí,
ó tẹ́ Eldrid sí ibùsùn rẹ̀, ẹ̀yìn nílẹ̀, ojú lókè,
láìsí ìrọ̀rí, láìsí béárì onírun tí ìyá àgbà rán wá.
Béárì jókòó sórí fìríìjì, ó ń wo wọ́n.

Ọmọ ké.
Torgeir ti ọwọ́ bọ àárín igi, ó gbé e lé ikùn rẹ̀,
òórùn epo ọkọ̀ ojú omi ṣì wà lára ọwọ́ náà.
Ikùn ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀,
bí ọkọ̀ kékeré tí a so mọ́ èbúté.

Apá bàbá ti kú mọ́ ọn lára. Kò yọ ọwọ́.
Lóde, ẹyẹ òkun ń pariwo bí ọ̀sán gangan.
Ọmọ ti fi ìpéǹpéjú méjì
mú ilẹ̀ ṣú.