Ìṣirò Lórí Pákó

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà ni mo kà lé Oyèdìran lọ́wọ́
láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kó fi ra ọ̀gánwó wá ní Bódìjà.
Ilẹ̀ ṣú. Kò sí pákó, kò sí Oyèdìran.
Yemẹtu ò tóbi débi tí ọmọ iṣẹ́ á fi sọnù níbẹ̀:
mo bá a lẹ́yìn sọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́, lórí búlọ́ọ̀kù,
ìwé pélébé mẹ́tàdínlógún lọ́wọ́ rẹ̀,
ó ń tò wọ́n bí ẹni ń to owó.
"Ọ̀gá, ó ku góòlù kan péré."

Ó ku ẹyọ kan péré.
Mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Èmi náà ti sọ ọ́ rí
nígbà tí irun mi ṣì dúdú, tí mò ń ta púùlù lẹ́bàá Mápó.
Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi ló bá a lọ.
A kì í dárúkọ ẹ̀rọ náà nílé wa títí dòní.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n fi igi nà án,
igi tó wà ní sọ́ọ̀bù mi, àga ni mo fi í kàn.

Mo yọ pẹ́ńsù létí, mo fa pákó kan sílẹ̀.
Mo ní, "Kọ ohun tó o san sápá òsì, kọ ohun tó o jẹ sápá ọ̀tún,
láti ọjọ́ Iléyá."
Apá òsì kún, ó yí pákó sẹ́yìn, ẹ̀yìn náà kún.
Apá ọ̀tún, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.
Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni gbogbo àdúgbò gbọ́,
ọjọ́ tó ra súyà fún wa.
Ìyókù ńkọ́? Ta ló gbọ́?
Àdánù kì í ra súyà.

Mo da ìṣó mẹ́wàá sínú agolo, mo kun ẹyọ kan lọ́dà pupa,
mo fún un ní ọgọ́rùn-ún ìdérí ìgò mínírà.
"Dijú, mú un. Tó o bá mú pupa, n ó san mẹ́jọ lórí ẹyọ kan."
Ó kọ́kọ́ jẹ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọwọ́ òun dáa.
Ìgbà tí wọ́n ń pe ìrun Ìṣáì, ìdérí ò kù níwájú ẹ̀ mọ́.
N ò ṣe ojóóró.
Ẹni tó ni agolo kì í kánjú.

Tẹ̀tẹ̀ ẹ̀yìnkùlé kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́.
Tẹ́tẹ́ ńkọ́?
Ẹ̀ẹ̀mejì ni "tẹ́" wà nínú orúkọ rẹ̀,
a sì ń pè é lójoojúmọ́, a ò gbọ́.

Ìyá rẹ̀ wá láti Mọ́níyà. Kò pariwo.
Ó bi mí bóyá ọmọ náà ti jẹun.

Ọjọ́bọ̀ ló lọ, Ọjọ́bọ̀ la fi ṣe ọjọ́ àbọ̀:
a ti ẹ̀rọ ìlagi pa láago márùn-ún,
àwọn ọmọkùnrin jókòó lórí àga tí kò tíì ní tìmùtìmù.
Mùftáù tó ń jó irin sọ tiẹ̀, ohùn ẹ̀ gbọ̀n.
Lànrewájú ní ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ló ń gba fóònù òun sọ́wọ́ ní gbogbo Sátidé.
Nọ́ọ̀sì Fadérera wá láti ọsibítù, ó ní,
"Nígbà míì kì í ṣe orí kunkun. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú.
Ẹ má dá gbé e."
Àwọn kan ò padà wá mọ́. N ò ní purọ́.

Sátidé tó kọjá, ariwo sọ ní òdìkejì: "Góòòlù!"
Ìfági dúró lọ́wọ́ Oyèdìran.
N ò sọ̀rọ̀. Mò ń kà nínú: ẹyọ kan, méjì, mẹ́ta...
Mo ka mẹ́sàn-án kí ìfági tó rìn.

Pákó ìṣirò ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.
Ó ní kí n jẹ́ kí òun fá a, kí òun fi ṣe àpótí.
Mo ní, "Kò tíì yá."