Ọwọ́ Òfìfo

Òru ni, ní èbúté Halifax. Kùrukùru bo omi
bí ẹni fi aṣọ bo ìkòkò.
Mo dúró lábẹ́ kíréènì, ìwé ẹrù lọ́wọ́ mi,
àtàǹpàkò mi ti kú sínú ìbọ̀wọ́.
Kọ̀nténà kan sọ̀ kalẹ̀: mo fàlà.
Ọwọ́ irin padà sínú ọkọ̀ lófìfo.
Òmíràn sọ̀ kalẹ̀: mo fàlà.
Ó tún padà lófìfo.
Ìdajì ìrìn rẹ̀, afẹ́fẹ́ ló ń gbé.

Mo rántí ìyá mi ní Òkè-Igbó:
"Ìwọ tó ń lọ sẹ́yìnkùlé, gbé garawa dání.
Ìwọ tó ń bọ̀, ṣé o ò rí igi nílẹ̀ ni?"
Nílé wa, ẹsẹ̀ kì í rìn kí ọwọ́ máa wòran.

Mo sọ ọ́ fún Thibodeau tó ń wa kíréènì,
tó ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n jókòó
sínú yàrá gíláàsì rẹ̀ lókè.
Ó rẹ́rìn-ín nínú rédíò títí ó fi húkọ́.
"Ṣé ìyá rẹ wa kíréènì rí ni?"
Rárá o. Ṣùgbọ́n ó bí ọmọ mẹ́jọ, odò sì jìnnà.

Ó dákẹ́.

Lóru ọjọ́ Ẹtì, a dán an wò.
Ibi tí a bá tú tán nínú ikùn ọkọ̀
la ti ń to ẹrù àlọ:
bàtà sọ̀, ẹja dídì gòkè,
táyà sọ̀, pákó gòkè,
àwọn awakọ̀ ẹrù ń pòyì nísàlẹ̀, wọ́n ń ṣépè fún mi.
Kílẹ̀ tó mọ́, iṣẹ́ ti parí.
Wákàtí méje la fi yá.
Ọ̀gá ra kọ́fí fún gbogbo wa.
Thibodeau sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Bá mi kí ìyá rẹ."
Ìyá mi ti kú. N kò sọ fún un.

Ó ku Rodel, ọmọ Filipínì tó ń dáná nínú ọkọ̀ náà.
Lánàá ló bi mí níbi tí wọ́n ti ń ta
bàtà ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà.
Mo ya ọ̀nà fún un sẹ́yìn ìwé ẹrù,
mo sàmì síbi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró.
"Bílẹ̀ bá mọ́," ó ní, "màá lọ."

Ilẹ̀ mọ́. Wọ́n ń fa okùn.
Ó dúró létí ọkọ̀, ó na bébà náà sókè kí n lè rí i,
ó ká a, ó fi sápò.
Mo gbé bírò mi.
N kò mọ ibi tí n ó fàlà sí.