Àtíkè Lílì

Ní Tartu, lóṣù keje, òru kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣú.
Aago mọ́kànlá alẹ́, mo ṣì ń rí ọgbà Helve kedere láti ojú fèrèsé mi,
lílì funfun tí Endel ọkọ rẹ̀ gbìn kó tó kú,
ogún ìdí, wọ́n tò bí ọmọ iléèwé.
Tahm wà láàárín wọn,
ológbò dúdú bí kóró iṣin,
ó ń fara ra igi òdòdó bí ẹni ń kí ará ilé.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ya fọ́tò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́:
inú lílì kún fún lẹ́búlẹ́bú, ó pọ́n bí osùn,
bó bá lẹ̀ mọ́ aṣọ, ó dìjà.
Ó lẹ̀ mọ́ Tahm léjìká, ó lẹ̀ mọ́ ọn létí.
Ológbò kì í sì í lọ sódò,
ahọ́n rẹ̀ ni kàn-ìn-kàn-ìn rẹ̀.
Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó wẹ̀, ó wẹ̀, ó mọ́ tónítóní.
Ìmọ́tótó ló fi gbé májèlé mì.

Lọ́jọ́ kejì ó bì. Helve ní bóyá ẹja ni.
Lọ́jọ́ kẹta kò jẹ, kò tọ̀.
Raili, dókítà ẹranko, fà á ní dírípù,
ó tẹ̀ ẹ́ níkùn, ó mirí:
kíndìnrín ti kọṣẹ́.
"Ewé rẹ̀, òdòdó rẹ̀, títí dé omi tí wọ́n rẹ ẹ́ sí,
oró ni fún ológbò.
Ká ní ẹ gbé e wá lálẹ́ ọjọ́ tó fara kàn án..."
Kílẹ̀ tó mọ́, Tahm ti lọ.

Alẹ́ ọjọ́ tó fara kàn án.
Alẹ́ náà wà nínú fóònù mi,
pẹ̀lú aago àti ìṣẹ́jú.
Bí mo bá fẹ̀ ẹ́ lójú, àmì pípọ́n náà hàn létí ọ̀tún,
bí ìyàwó tó kun osùn.

Wọ́n ní ìwà lẹwà.
Ta ló bi òdòdó léèrè ìwà?
Ó tàn nítorí oòrùn, kò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀tá.

Lọ́jọ́ Sátidé Helve mú ṣọ́bìrì.
Mo bá a di ẹnu àpò mú, n ò rí ọ̀rọ̀ sọ.
Ìdí wọn rí bí alùbọ́sà, ó tutù lọ́wọ́.
Mo rò pé ó máa sun wọ́n ni.
Ó gbé àpò sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó di itẹ́ òkú,
ó gbìn wọ́n síbi orí Endel, lọ́kọ̀ọ̀kan.
"Gba nǹkan rẹ," ló wí. Kò sunkún.

N ò bi í bóyá ológbò ń rìn níbẹ̀.
N ò sì tíì pa fọ́tò náà rẹ́.