Ẹsẹ̀ Mẹ́rin Láìsí Ọpọlọ

Ní àwọn ọjọ́ tí oòrùn kì í yọ ní Sodankylä,
bàbá mi tú ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ palẹ̀ lórí tábìlì oúnjẹ.
Láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú nínú oṣù Keje
apá òsì ò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́.
Ọwọ́ ọ̀tún ló fi di irin sódà mú,
eyín ló fi di wáyà,
èmi ló ń rán sí ohun tó bá já bọ́ sábẹ́ àga.
“Gbé e wá. Kì í ṣe ìyẹn.
Aláwọ̀ ìyeyè yẹn, tó rí bí ìdin.”

Ó ní sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ lòun ń ṣe.
Mo wò ó: kapásítọ̀ kan, rẹsítọ̀ kan,
ẹnu ọ̀nà kan nínú ṣíìpù tí kò tó èékánná ọmọdé.
Iná á wọlé, á máa ro tó, tó, bí omi nínú agbè,
á kún, á tú,
á fi ìgúnpá gbún ẹnìkejì: ìwọ ló kàn.
Ìyẹn náà á kún, á tú, á gbún ẹlòmíràn.
Mẹ́rin ni wọ́n, wọ́n jókòó yípo
bí àgbà mẹ́rin tó ń gbé ife kan kiri.

Tuisku ọmọ mi, ọmọ ọdún méje, fàgbọ̀n lé tábìlì.
“Bàbá àgbà, níbo ni ọpọlọ rẹ̀ wà?”
“Kò ní.”
“Ta ló wá ń sọ fún un pé kó rìn?”
“Ta ló ń sọ fún ìwọ?”
Ọmọ náà dákẹ́ títí kọfí fi tutù,
ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀
bí ẹni pé wọ́n ti ń fi nǹkan pa mọ́ fún un.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án ó rìn dé ìdí ìgò súgà,
lórí irin tí a fi ń há bébà.
Tì-pà-wọ́ọ́. Tì-pà-wọ́ọ́.
Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lósì ń wọ́ nílẹ̀.
Ẹ̀rín dé mi lẹ́nu, mo gbé e mì.
Gbogbo ilé mọ ìró yẹn,
láti ibùsùn dé ilé ìwẹ̀, lóru.
Mo ní, “Ẹ pààrọ̀ rẹsítọ̀ rẹ̀, ó wà nínú àpótí.”
Ó ní, “Fi í lẹ̀.”

Ó fi páálí ìṣáná dí i lọ́nà.
Ẹsẹ̀ iwájú kọlù ú, ó há.
Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dàrú:
ẹni tí kò kàn tú, ẹni tó kàn kọ̀,
ẹsẹ̀ ń gbọ̀n bí ti àgbọ̀nrín lórí yìnyín.
Lẹ́yìn náà, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́,
wọ́n bá ara wọn ṣàdéhùn mìíràn.
Ẹ̀yìn di iwájú. Ó fẹ̀gbẹ́ rìn, ó gun ìṣáná kọjá.
Ọ̀nà kan ò wọjà.

Nígbà tí Raakel, nọ́ọ̀sì ọjọ́ Ìṣẹ́gun, dé,
ó béèrè bóyá wọ́n ti ṣe eré ìdárayá ẹsẹ̀.
“A ti ṣe é,” ni bàbá mi wí, láìṣẹ́jú.

Ní oṣù Kìn-ín-ní ó yọ bátìrì,
ó lẹ gíláàsì oòrùn inú ẹ̀rọ ìṣirò mọ́ ọn lẹ́yìn,
ó gbé e sójú fèrèsé.
Oòrùn yọjú bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé.
Ẹsẹ̀ kan. Ẹsẹ̀ kejì.
Ó dúró.
Tuisku nawọ́ láti tì í.
“Má fọwọ́ kàn án,” ni bàbá mi wí.
“Ó ń kó agbára jọ.”