Àpótí Kan Lójú Funfun

Yìnyín ń rọ̀ ní Brno.
Zdislava jókòó ti ojú-ewé ẹ̀rọ ìṣàwárí wọn.
Gbogbo ọ̀gá ló fẹ́ igun tirẹ̀ níbẹ̀:
ẹni tó ń ta bàtà òtútù,
ẹni tó ń ka ìràwọ̀ fún àwọn àpọ́n,
èsì bọ́ọ̀lù, iye tí owó Jámánì ń lọ, ojú ọjọ́ ìlú méje,
àti àwòrán ológbò kan
tí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó gbé e wá.
Ibi tí èèyàn yóò ti béèrè ọ̀rọ̀ wá há sísàlẹ̀
bí àlejò tí wọ́n fún ní àga lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Lóru, ó ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.
Ó yọ bàtà. Ó yọ ìràwọ̀.
Ó yọ bọ́ọ̀lù, ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀.
Ológbò ló pẹ́ jù.

Ilẹ̀ mọ́, ó pe Otakar, bàbá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà,
kó wá dán an wò.
Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó:
"Ta ló kú, tí ẹ fi palẹ̀ ẹrù mọ́ báyìí?"

Kò fèsì.
Ìlà tín-ín-rín kan ń ṣẹ́jú nínú àpótí,
bí ẹni tó dákẹ́ kí o lè sọ tẹnu rẹ.
Bàbá fi ìka kan ṣoṣo tẹ orúkọ abúlé
tí omi ìsédò ti bò mọ́lẹ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀.

Bọ́tìnì kan ló wà lábẹ́ rẹ̀.
Bí mo bá túmọ̀ rẹ̀ sí èdè tiwa,
Wá ni.
Bàbá wò ó
bí ẹni tí wọ́n pè.